Kọ́kọ́rọ́ Aune

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń de bọ́tìnnì kóòtù kan náà
mọ́ obìnrin kan náà láyà,
nínú ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́ kan ní Tampere
tí wọ́n ti ń ya eré wa tí kì í parí.
Sirkka-Liisa lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.
Aune ni gbogbo ìlú ń pè é,
títí kan dókítà tó ń yẹ eyín rẹ̀ wò.

Nínú eré, Aune ló ń ṣọ́ ilé alájà márùn-ún,
tó ń gbá àtẹ̀gùn, tó ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.
Ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a ti dún ṣaworo kó tó yọjú;
bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, àwọn olólùfẹ́ a tú ká,
olè a sọ àpò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Joonas, ọ̀gá wa tuntun, pèpàdé.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bàtà rẹ̀ funfun bí ẹyin.
Ó ní ojú tó ń dán ni òǹwòran ń fẹ́.
Ó ní kí ẹsẹ̀ Aune yọ̀ lórí yìnyín nínú oṣù Èrèlé,
ká sin ín láàárín ìṣẹ́jú méjì,
kí ọmọge tó ń ta òdòdó lè gba yàrá rẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́nu mi.
Mo yọ ọ́.

Mo ní: Joonas, ta ló máa wá mọ̀?
Ọmọ olódòdó yìí ń múra láti fẹ́ Eero.
Ta ló wà níbẹ̀ lálẹ́ tí iná lọ,
tí ìyá Eero bí méjì, tí wọ́n kéde ọ̀kan?
Ta ló fi aṣọ ìnura di èkejì sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn?
Ìyá náà ti kú, ẹ pa á sínú ọkọ̀ ojú irin.
Dókítà ti kó lọ sí Sweden,
nítorí owó oṣù rẹ̀ ń dùn yín.
Ó ku Aune.
Bí ẹ bá sin ín, ọmọ ìyá yóò fẹ́ ọmọ ìyá,
kò sì ní sẹ́ni tó máa kígbe.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀rọ kọfí nìkan ló ń mí.
Òǹkọ̀wé kan dorí kodò:
ọmọ ọdún méje ni lálẹ́ tí iná lọ yẹn.

Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Èmi tí mo ń tọ́jú aṣọ, mo rí i lójoojúmọ́.
Apá ọ̀tún kóòtù yìí jóná lọ́dún tí àjà kẹta gbiná.
Òwú pupa ni mo fi rán àpò rẹ̀,
torí dúdú tán lọ́wọ́ mi, a sì ń kánjú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ra tuntun fún mi.
Mo gbé e kọ́, kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Obìnrin kan kọ̀wé láti Kemi, òun nìkan ló ń gbé:
bí Aune bá jókòó tó ń bọ́ bàtà, tí kò sọ nǹkan kan,
èmi náà a bọ́ tèmi.
Ìyẹn nìkan ló kọ. Kò tilẹ̀ kí wa.

Nígbà tí mo dé yàrá ìmúra,
Sirkka-Liisa bi mí nínú dígí: Wọ́n ti pa mí?
Mo ní: Ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na àyà sí mi,
torí ìka rẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì mọ́.
Láti ìgbà ìkórè ni. Àwa méjì la mọ̀.

Mo gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.
Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún kò ṣí ilẹ̀kùn kankan láyé yìí.
Ọ̀kan ṣí ilé mi:
mo fún un nígbà òtútù tí ọkọ mi kú,
kò sì dá a padà.